Iná tó kéré jù ni kí o mú lọ

Ìbéèrè tó wọlé rèé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòsí Sacramento ní California ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Ó di ọdún kẹta tí mo ti ń gun ẹṣin. Àwọn tí a jọ kó ẹṣin sí ibì kan náà ní ká jọ gùn ún láti Foresthill dé Auburn lóru ọjọ́ kan tí òṣùpá bá yọ dáadáa. Mo ti ra tọ́ọ̀ṣì orí kan, 1,200 lumen (ìwọ̀n bí iná ṣe mọ́lẹ̀ tó nìyẹn), owó gidi ni mo san. Ọ̀kan nínú wọn rí i, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi sílé, pé àwọn kì í tan iná. Ẹlòmíì ní kí n má dá a lóhùn, pé bí n kò bá ríran màá já sí kòtò ni. Ẹṣin mi sì máa ń ta gìrì. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?”

Àbúrò mi, èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, ṣùgbọ́n ara mi ni mo fi ń rẹ́rìn-ín, torí mo ti ra irú iná yẹn rí. N kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ẹni tó ní kí o fi sílé ló sún mọ́ òótọ́ jù. Lójú ọ̀nà inú igbó, iná tó kéré jù tó ṣì lè ṣe iṣẹ́ tí o fẹ́ ni iná tó dára jù. Ṣùgbọ́n “má tan iná” yàtọ̀ sí “má mú iná dání”. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ ti gé ọ̀rọ̀ náà kúrú.

Ojú ẹṣin ni ká ti bẹ̀rẹ̀. A máa ń rò pé bí àwa kò bá ti ríran, ẹṣin náà kò ríran nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹyinjú ẹṣin wà lára èyí tó tóbi jù nínú gbogbo ẹranko orí ilẹ̀, ó sì ní awọ kan lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún tó dà bíi dígí: ìmọ́lẹ̀ tó bá ti kọjá lẹ́ẹ̀kan, dígí yẹn á dá a padà kí ojú lè tún mú un lẹ́ẹ̀kejì. Òun náà ló fà á tí ojú ewúrẹ́ àti ojú ológbò fi máa ń kọ mọ̀nà bí o bá tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lẹ́yìnkùlé. Àwa èèyàn kò ní in. Àwọn tó ń wádìí ojú ẹṣin ti dán an wò nínú òkùnkùn tí àwọn fúnra wọn kò ti lè rí nǹkan kan dáadáa, ẹṣin ṣì ń mú àwòrán tí wọ́n ti kọ́ ọ láti mú.

Ibi tí ojú rẹ̀ kò ti yá ni kíkúrò nínú ìmọ́lẹ̀ bọ́ sínú òkùnkùn. Ojú tìrẹ máa ń gba bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mọ òkùnkùn lára tán. Ti ẹṣin lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tí o bá tan iná ńlá, tí o pa á, tí o tún tan án, ńṣe lò ń dá òun àti ìwọ padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀nà tí èèyàn fi ń lo iná lóru, òun ni mo kórìíra jù: tàn-án-pa-á, tàn-án-pa-á. Ẹni tó bá tan iná díẹ̀ tí kò pa á títí dé ilé sàn ju ẹni tó ń tan ńlá nígbà tí ẹ̀rù bá bà á.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìlọrin ni mo ti kọ́ ẹṣin gígùn, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi láti gbé iná ka orí. Nígbà tí mo dé ibí, mo rí tọ́ọ̀ṣì orí, mo ní ọlá dé. Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, àwa mẹ́rin là ń lọ, èmi ni mo ṣìkẹta. Àpáta wà lápá òsì wa, bèbè àfonífojì wà lápá ọ̀tún. Mo tan iná náà. Ó bà sí ìdí ẹṣin tó wà níwájú mi, òjìji ẹṣin yẹn bá fò sára àpáta, ó ga tó ilé, ó sì ń mi orí nígbàkígbà tí èmi bá mi orí. Ẹṣin náà dúró gbagidi. Obìnrin tó gùn ún dì mọ́ ọn lọ́rùn. Kò pariwo, kò bú mi. Ó ṣáà ní, “Pa nǹkan yẹn.”

Mo pa á. Ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n da eérú sí mi lójú. A dúró síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Etí ẹṣin mi méjèèjì ni mo kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni erùpẹ̀ ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. A tún gbéra. Mo ń gbọ́ pátákò: lórí eruku, pọ̀, pọ̀; lórí òkúta, kò, kò. Ẹṣin tó ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo tan iná kò kọsẹ̀ mọ́ títí a fi dé ilé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìbẹ̀rù tèmi ni mo ra iná yẹn fún.

Ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà yẹn gan-an, apá ìgbẹ̀yìn ọ̀nà Western States ni. Ibẹ̀ làwọn tó ń sáré Tevis Cup, ìdíje ẹṣin ọlọ́nà jíjìn, máa ń gbà lóru. Ìdíje yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1955, máìlì 100 ni láàárín wákàtí 24, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 15 ìdájí ni wọ́n ń gbéra. Foresthill ni máìlì 68, nítorí náà púpọ̀ nínú wọn ń kúrò níbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń lọ wọ̀, òkùnkùn ni wọ́n á sì fi parí ìyókù. Àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ máa ń gbìyànjú láti mú ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ ìgbà òṣùpá àrànmọ́jú. Àwọn tó ti gùn ún tí mo bá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í tan iná orí rárá. Glow stick méjì, ọ̀pá rọ́bà kékeré tó ń tàn, níwájú àyà ẹṣin, ó tán.

Ṣùgbọ́n má fi òṣùpá ṣe gbogbo ọgbọ́n rẹ. Àfonífojì jìn níbẹ̀, òṣùpá á ti yọ fún ìgbà pípẹ́ kó tó ràn dé ìsàlẹ̀, ibi tí igi bá sì ti bo ọ̀nà, dúdú ni, òṣùpá ì báà yọ. Ọ̀rọ̀ odò náà ńkọ́? Ní Poverty Bar, lọ́jọ́ ìdíje, glow stick ni wọ́n fi ń sàmì síbi tí ẹṣin yóò gbà la odò American kọjá, wọ́n sì ti ṣètò pẹ̀lú àwọn tó ń ṣàkóso omi kó lè fà sílẹ̀. Lóru ọjọ́ tiyín, kò sẹ́ni tó máa bá yín fa omi sílẹ̀. Ìdídò wà lókè, omi yẹn máa ń kún lójijì. Bí kò bá sí ẹni tó mọ odò náà bí ẹní mowó láàárín yín, ẹ fi odò sílẹ̀ fún ojúmọmọ. Kò sí tọ́ọ̀ṣì kankan tí wọ́n ń tà tó lè yanjú ìyẹn.

Ó ku kí n sọ ohun tí màá rà bí mo bá jẹ́ ìwọ.

Glow stick ni àkọ́kọ́. Irú ọ̀pá rọ́bà tí àwọn ọmọdé ń mú lọ́wọ́ níbi pátì ni, ṣùgbọ́n ra èyí tó nípọn, tí wọ́n kọ wákàtí mẹ́jọ tàbí méjìlá sí lára. Ìgò tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, á fọ́, omi méjì á pò pọ̀, á tàn. Bó bá ti tàn, ó tàn nìyẹn, kò ṣeé pa. Bí òtútù bá mú, iná rẹ̀ á rẹlẹ̀; bí ooru bá mú, á mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á sì tètè kú. Fi ọ̀kan sí apá ọ̀tún, ọ̀kan sí apá òsì, lára awọ tí a fi ń so gàárì mọ́ àyà ẹṣin. Fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pinpin lókè àti nísàlẹ̀, kí ó má máa lu awọ bí ẹṣin bá ń sáré, torí ìró kékeré yẹn nìkan tó láti mú ẹṣin tìrẹ ta gìrì. Má sì jẹ́ kí ọ̀pá náà wà níbi tí ẹnu rẹ̀ lè dé. Bó bá gé e jẹ, omi inú rẹ̀ á ta á lẹ́nu, á máa da ìfófó, ọkàn rẹ á sì fò lọ.

Àwọ̀ ewé ni mo máa ń mú. Nínú òkùnkùn, àwọ̀ ewé tó sún mọ́ búlúù ni ojú èèyàn máa ń tètè mú jù, torí náà ìwọ̀nba kékeré rẹ̀ á tó ọ. Bí o kò bá fẹ́ máa da rọ́bà nù lẹ́yìn gbogbo ìrìn, àwọn iná LED wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ajá náà dára. Bó bá mọ́lẹ̀ jù, fi téèpù funfun bò ó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.

O lè bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ àyà ẹṣin, tí kì í ṣe orí mi. Tan tọ́ọ̀ṣì sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá rẹ lálẹ́ òní, kí o kọ́kọ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ, kí o tún wá gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí iná rẹ̀ máa gba ojú ilẹ̀ lọ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, gbogbo ilẹ̀ á dà bíi pé ó tẹ́jú, torí òjìji òkúta kọ̀ọ̀kan sá sẹ́yìn òkúta náà, o kò lè rí i. Èyí tó wà nísàlẹ̀, ẹ̀rún gààrí kan á ní òjìji gígùn. Ojú ọ̀nà náà nìyẹn. Iná àyà ẹṣin kéré, ṣùgbọ́n ó ń fi gegele àti kòtò hàn ọ́. Kì í sì í tẹ̀ lé orí rẹ kiri: bí o bá yíjú sẹ́yìn láti bá ẹni tó tẹ̀ lé ọ sọ̀rọ̀, kò ní wọ ẹṣin rẹ̀ lójú. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè fi ẹ̀ka igi tó wà ní déédéé ojú rẹ hàn ọ́. Nítorí náà, ẹni iwájú gbọ́dọ̀ máa kígbe “Ẹ̀ka!”, kí gbogbo yín sì tẹ̀ ba sórí ọrùn ẹṣin, kí ẹ fi apá kan bo ojú.

Tọ́ọ̀ṣì orí ni ìkejì, ṣùgbọ́n pípa ni kó wà. Ìgbà tí o bá sọ̀ kalẹ̀ lo máa lò ó: láti yọ òkúta lábẹ́ pátákò, láti tún okùn gàárì fà, láti wo ẹsẹ̀ tó gbọgbẹ́. Kò nílò ju 200 tàbí 300 lumen lọ. Ohun tí mo máa ń wò ní ṣọ́ọ̀bù ni bọ́tìnnì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára wọn ní iná pupa, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ gba inú funfun ńlá kọjá kí o tó dé ibi pupa. Má ra irú ẹ̀. Èyí tó dára ni èyí tí pupa ní bọ́tìnnì tirẹ̀, tàbí tó máa ń kọ́kọ́ tan pupa. Dán an wò pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, kí o di ojú. Wákàtí tí wọ́n kọ sára páálí náà, má gbà á gbọ́ bó ṣe wà: bí wọ́n ṣe ń kà á ni títí iná yóò fi rẹlẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́wàá bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Tan án sílé lálẹ́ ọjọ́ kan kí o fojú ara rẹ rí i. Ní ti omi, wo àmì IPX tó wà lára rẹ̀: IPX4 ń gba òjò dúró; bó bá jẹ́ IPX7, ó lè wọ omi mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Rọ́bà tó ń fà ni kí o fi so ó mọ́ àṣíborí. Má ṣe lu àṣíborí níhò láti fi síkúrùú dè é, torí nígbà tí o bá ṣubú, nǹkan líle tó yọ síta lórí rẹ ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Iná pupa yẹn, ojú tìrẹ ló wà fún, kì í ṣe ti ẹṣin. Ẹṣin kì í rí pupa bí a ṣe ń rí i. Búlúù àti yẹ́lò ló mọ̀, pupa kàn máa ń ṣú díẹ̀ lójú rẹ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí òkùnkùn tó ti mọ́ ọ lójú bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra o: bí ó bá jẹ́ rìbọ́ọ̀nù pupa tàbí píǹkì ni wọ́n so mọ́ igi láti fi júwe ọ̀nà, lábẹ́ iná pupa kò ní yàtọ̀ sí funfun. Ilà pupa orí máàpù náà á pòórá. Mo mọ àwọn tó rìn kọjá oríta mẹ́ta nítorí ìyẹn, wọ́n padà dé ilé ní aago mẹ́rin ìdájí.

Ìkẹta kéré, kò sì ju dọ́là díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun ni mo kà sí jù: tọ́ọ̀ṣì kékeré kan nínú àpò ṣòkòtò rẹ, pẹ̀lú fóònù. Lára rẹ ni mo wí, kì í ṣe lára gàárì. Ẹṣin kì í dani ká má tún un gùn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i. Bó bá dà ọ́, tó sì sá lọ pẹ̀lú gbogbo iná tí o rà, inú òkùnkùn lo máa jókòó sí. Glow stick tó wà láyà rẹ̀ á tún wúlò níbi yìí, torí òun lo máa fi mọ ibi tó wà.

Ọ̀rọ̀ títì wá yàtọ̀ pátápátá. Kí ẹ tó dé afárá No Hands, ẹ máa dá Highway 49 kọjá. Níbẹ̀, bí awakọ̀ ṣe máa rí yín ló kù. Bí ẹ̀yin ṣe máa ríran kò tó nǹkan mọ́. Má tan ara rẹ jẹ pẹ̀lú aṣọ yẹ́lò tó ń kọ yànràn lọ́sàn-án. Oòrùn ló ń mú un tàn bẹ́ẹ̀, lóru kò yàtọ̀ sí aṣọ lásán. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lóru ni ilà fàdákà tó máa ń dá iná ọkọ̀ padà sójú ẹni tó ń wà á. De é mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lókè ọrùn ẹsẹ̀, torí ohun tó ń mì lọ mì bọ̀ ni ojú awakọ̀ máa ń tètè mú. Òun náà sì ń dúró de ìgbà tí iná ọkọ̀ bá bà á ni, torí náà fi iná pupa kékeré kan sẹ́yìn rẹ, kí funfun wà níwájú. Títì yẹn nìkan ni mo ti fara mọ́ iná tó ń ṣẹ́jú. Kí ẹ sì kó ara yín jọ kí ẹ tó dá a kọjá. Ẹ má lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú Ọba, tí ilẹ̀ ń ṣú fún ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Kejìlá, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yín kò sí níbí. Ìwé òfin ojú pópó yín, Highway Code, sọ ọ́ ní òfin 51: iná tó funfun níwájú tó pupa lẹ́yìn, kí ẹ de é mọ́ apá ọ̀tún tàbí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Apá ọ̀tún, torí ọwọ́ òsì lẹ ń gbà lójú pópó, apá ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ń gbà kọjá. Ní Amẹ́ríkà àti ní Nàìjíríà, ẹ yí i sí apá òsì.

Ẹlòmíì á sọ pé òun mọ agẹṣin gidi tó ń tan iná ńlá, tí kò sì sí nǹkan tó ṣe é. Mo mọ̀ wọ́n. Bí ojú rẹ kò bá dára lóru, o lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbé iná náà sí àyà ẹṣin, kí ó tàn ká dípò kó gún lọ síwájú, kí o sì wà níwájú pátápátá. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Bí ti iwájú bá ní iná, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Bí ti ẹ̀yìn bá ní iná, òjìji ara wọn ni gbogbo àwọn tó wà níwájú á máa lé kiri, bí mo ṣe fi ojú ara mi rí i. Ẹ ti sọ ọ́ láàárín ara yín kí ẹ tó kúrò nílé, torí ẹni kan tó tan iná ti ba òkùnkùn jẹ́ fún gbogbo èèyàn.

Ẹṣin rẹ tó ń ta gìrì yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó láti mú un mọ̀ ọ́n. Lẹ̀ glow stick tí o kò tíì ṣẹ́ mọ́ ọn láyà lọ́sàn-án, gùn ún bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá ń jẹun nírọ̀lẹ́, ṣẹ́ ẹ lójú rẹ̀, kó gbọ́ ìró rẹ̀, kó wò ó, kó gbóòórùn ọwọ́ rẹ, lẹ́yìn náà kí o so ó mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí ni kí o jáde ní àṣálẹ́, kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú ọ̀nà tó mọ̀ dáadáa. Bí ẹ bá sì ti dé ibi tí jẹnẹrétọ̀ àti iná ńlá wà, má ṣe fò sórí ẹṣin kí o sáré wọ òkùnkùn. Fà á lọ síbi tó ṣú, dúró, tún okùn gàárì fà, mu omi, bá a sọ̀rọ̀. Rìn fún bí ìdajì wákàtí kí o tó sáré. Ojú rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn tìrẹ.

Ní ti tọ́ọ̀ṣì 1,200 lumen yẹn, má tà á, má sì dá a padà. Fi sínú ọkọ̀ tó ń fa tírélà ẹṣin. Ní aago méjì òru, nígbà tí ẹ bá dé Auburn, tí ẹ rí i pé táyà tírélà kan ti jò, ẹni tó fi ọ́ rẹ́rìn-ín yẹn gan-an ló máa kọ́kọ́ béèrè ibi tí o gbé e sí.